Mbari ní Ìbàdàn: Ta Ni Ó Ni Iṣẹ́ Ọnà Ìgbàlódé?

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó máa ń wo àwòrán ìgbàlódé, tí wọn a sì bèèrè pé, ‘Kí ni èyí jọ?’ Ìbéèrè yìí kò tó. Àwọn agbẹ́gilére wa àtijọ́ pàápàá kò fi ìjọra nìkan ṣe òdiwọ̀n. Orí ère wọn a máa tóbi ju ti ènìyàn lọ, nítorí ipò tí orí wà nínú èrò Yorùbá. Ó yẹ kí a tún bèèrè pé: ta ni a ṣe é fún, owó ta ni a fi ṣe é, ta ni ó sì láǹfààní láti wò ó? Ìtàn ẹgbẹ́ Mbari yóò là wá lóye.

Ní ọdún 1961, Ulli Beier, Wọlé Ṣóyínká, Chinua Achebe, Christopher Okigbo, J. P. Clark, Ezekiel Mphahlele àti àwọn mìíràn dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀ ní Ìbàdàn. Àyíká ọjà Dùgbẹ̀ ni wọ́n tẹ̀dó sí, níbi tí ará Lẹ́bánónì kan ti ń ta oúnjẹ tẹ́lẹ̀. Níbẹ̀ ni Uche Okeke àti Demas Nwoko, tí wọ́n ti kọ̀ ní Zaria pé àwọn kò ní fi ọnà òyìnbó nìkan ṣe àwòkọ́ṣe, ti pàtẹ iṣẹ́ wọn. Ibẹ̀ náà ni Jacob Lawrence, ayàwòrán aláwọ̀ dúdú ará Amẹ́ríkà, ti pàtẹ tirẹ̀ ní 1962.

Owó ńkọ́? Congress for Cultural Freedom wà lára àwọn tí ó ṣe ìrànwọ́. Ní 1966 àti 1967 ni àṣírí tú pé CIA, àjọ amí ìjọba Amẹ́ríkà, ni ó ń fi owó ran àjọ náà lọ́wọ́. Ọwọ́ afúnni ní í lékè lóòótọ́. Síbẹ̀, ulì tí àwọn obìnrin Ìgbò fi ń ṣe ara lọ́ṣọ̀ọ́ ni Okeke gbé wọ inú àwòrán rẹ̀. Orísun owó yẹ ní mímọ̀, ṣùgbọ́n kò lè wo iṣẹ́ náà fún wa.

Ìbéèrè nípa òǹwòran ni ó le jù. Láàárín àwọn Ìgbò agbègbè Owerri, mbari ni ilé amọ̀ tí ó kún fún ère, tí a ń kọ́ fún Ala, òrìṣà ilẹ̀. Bí àwọn tí a yàn bá kọ́ ọ tán, gbogbo ìlú a wá wò ó. Ní Ìbàdàn, àwọn ọ̀mọ̀wé tí ó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì ni ó pọ̀ jù nínú àwọn tí ń wá síbẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọjà wà nítòsí. Ní Òṣogbo, ọ̀rọ̀ yàtọ̀. Dúró Ládiípọ̀ sọ ilé ọtí rẹ̀ di Mbari ní 1962, ó sì fi eré Ọba Mòrò ṣí i ní èdè Yorùbá. Kò pẹ́ tí àwọn ará ìlú fi sọ orúkọ náà di tiwọn: Mbárí Mbáyọ̀, ‘ǹ bá rí i, ǹ bá yọ̀’.

Ìbàdàn náà kò ṣàìní irú rẹ̀ lẹ́yìn náà. Nwoko ni ó ṣe ètò kíkọ́ ilé ìsìn àwọn Dòmíníkà níbẹ̀. Ní 2023, wọ́n fún un ní Kìnnìún Wúrà ní Venice. Ṣùgbọ́n kí ẹ̀bùn yìí tó dé ni àwọn olùjọsìn ti ń kúnlẹ̀ nínú ilé náà. Wọn kò bèèrè ohun tí ó jọ. Ó ti di tiwọn.