Ọjà Tí Wọn Ò Tètè Rọ́nà Jáde: Ìtàn Brexit àti Bí Ó Ṣe Sú Ará Ìlú

Ní ọdún 2019, ilé iṣẹ́ tó ń rọ owó fún ìjọba Gẹ̀ẹ́sì rọ owó ẹyọ 50 pẹ́ńsì kan fún ìrántí. Ọjọ́ tí wọ́n tẹ̀ sí i lára ni ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá ọdún náà, nítorí ọjọ́ yẹn ni Ìlú Ọba yóò kúrò nínú Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù, ìyẹn EU. Ìkúrò yìí ni wọ́n ń pè ní Brexit. Kí ọjọ́ náà tó pé, wọ́n tún ti sún un síwájú. Bíi mílíọ̀nù kan owó ẹyọ bẹ́ẹ̀ ni wọ́n dà padà sínú iná, tí wọ́n sì yọ́. Kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀mejì tí wọ́n ti dá ọjọ́ tí wọn ò sì lọ.

Wíwọlé wọn sínú àjọ náà gan-an kò rọrùn. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ kan ilẹ̀kùn, Charles de Gaulle, ààrẹ ilẹ̀ Faransé, tì í mọ́ wọn lójú ní 1963. Ó tún tì í ní 1967. Edward Heath, olóòtú ìjọba wọn, ló mú wọn wọlé ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1973, lẹ́yìn tí de Gaulle ti kúrò lórí oyè. Common Market ni wọ́n ń pè é nígbà náà, ọjà àjùmọ̀ná, orúkọ náà sì bá ohun tó wà lọ́kàn ọ̀pọ̀ èèyàn mu: ibi tí wọ́n á ti máa rà, tí wọ́n á ti máa tà, láìsan owó ibodè. Ní oṣù kẹfà ọdún 1975, ìjọba Harold Wilson bi ará ìlú léèrè bóyá kí wọ́n dúró. Ìdá 67 nínú 100 ló ní kí wọ́n dúró.

Ọjà yẹn kò dúró bí wọ́n ṣe bá a. Àdéhùn Maastricht, tí wọ́n fọwọ́ sí ní 1992, sọ ọ́ di àjọ tó ń fún èèyàn ní ẹ̀tọ́ ọmọ onílùú, tó sì ń múra láti ná owó tirẹ̀. Bìrìtéènì kọ owó Euro, síbẹ̀ inú àjọ náà ló wà. Nígbà tí orílẹ̀-èdè mẹ́wàá wọlé lẹ́ẹ̀kan náà ní 2004, tí àwọn òṣìṣẹ́ láti Poland àti àwọn ilẹ̀ tó múlé gbè é ń wọ Ìlú Ọba láìgba físà, ìkùnsínú tó ti wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀ ru sókè. Nigel Farage àti ẹgbẹ́ UKIP rẹ̀ ń fi ìkùnsínú náà kó ìbò mọ́ ẹgbẹ́ Conservative lọ́wọ́. David Cameron, olóòtú ìjọba nígbà náà tó ń ṣáájú Conservative, fẹ́ pa iná tó ń jó nínú ẹgbẹ́ ara rẹ̀. Ní oṣù kìíní ọdún 2013 ó ṣèlérí pé bí àwọn bá tún wọlé, ará ìlú ni yóò dá ẹjọ́ náà. Wọ́n wọlé ní 2015. Ìlérí di gbèsè.

Ọjọ́ 23 oṣù kẹfà ọdún 2016 ni wọ́n dìbò náà. Èèyàn 17,410,742 ní kí wọ́n lọ, 16,141,241 ní kí wọ́n dúró: ìdá 51.9 sí 48.1. England àti Wales ní ká lọ, Scotland àti Northern Ireland ní ká dúró. Lọ́ńdọ̀nù náà ní ká dúró, ó sì pọ̀ gan-an láwọn àdúgbò tí àwọn èèyàn wa pọ̀ sí. Ní Southwark, níbi tí Peckham wà, nǹkan bí ìdá 73 nínú 100 ló fẹ́ dúró. Ní Lambeth, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 79. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́, owó pọ́n-ùn ti já wálẹ̀ débi tí kò dé láti ọdún 31 sẹ́yìn, Cameron sì bọ́ síta láàárọ̀, ó ní òun ń lọ.

Ohun kan wà nínú ìbò yìí tí ọ̀pọ̀ èèyàn nílé kò mọ̀. Nítorí Commonwealth, ọmọ Nàìjíríà tó ń gbé Ìlú Ọba pẹ̀lú ìwé àṣẹ lè dìbò. Ará Poland tàbí ará Jámánì tó ti fi ogún ọdún gbé ibẹ̀ kò lè dì í, àfi tó bá ti gba ìwé ọmọ ìlú. Kì í sì í ṣe gbogbo Yorùbá ibẹ̀ ló fẹ́ dúró. Àwọn kan ń bi ara wọn pé kí ló dé tí ará Yúróòpù fi ń wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́, nígbà tí ìyá tiwọn tó fẹ́ wá wo ọmọ-ọmọ ń gba físà tì ní Èkó. Kemi Badenoch, tí bàbá àti ìyá rẹ̀ jẹ́ Yorùbá, tó wọ ilé aṣòfin ní 2017, ìlọ lòun náà faramọ́.

Ọ̀nà kan ò wọjà. Ṣùgbọ́n kò síbi tí ìwé ìdìbò ti béèrè pé èwo nínú àwọn ọ̀nà tó jáde lọ́jà ni kí wọ́n gbà. Ṣé kí wọ́n ṣe bíi Norway, tí kò sí nínú EU ṣùgbọ́n tó ń ná ọjà náà, tó ń san owó sí i, tó sì ń tẹ̀ lé òfin tí kò bá wọn dìbò sí? Ṣé kí wọ́n ṣe bíi Canada, tó jókòó sókèèrè tó bá wọn ṣe àdéhùn òwò? Àbí kí wọ́n ṣáà jáde lọ́wọ́ òfo? Lójú tèmi, ibẹ̀ ni wàhálà ti ṣẹ̀: mílíọ̀nù 17 èèyàn fọwọ́ sí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, ìtumọ̀ rẹ̀ kò sì dọ́gba lọ́kàn wọn. Theresa May, tó gbapò Cameron ní oṣù keje ọdún 2016, wá ń sọ kiri pé Brexit túmọ̀ sí Brexit. Ìyẹn dà bí kéèyàn béèrè ọ̀nà Ìbàdàn, kí wọ́n dá a lóhùn pé ọ̀nà Ìbàdàn ni ọ̀nà Ìbàdàn.

Ní ọjọ́ 29 oṣù kẹta ọdún 2017, May kọ̀wé ìkúrò sí EU, ọdún méjì péré ni òfin sì fún wọn láti fi parí ọ̀rọ̀. Kò pẹ́ tó tún pe ìbò gbogboogbò, ó ń wá ọ̀pọ̀ aṣòfin kún ti ọwọ́ rẹ̀. Nígbà tí akọ̀ròyìn BBC sọ fún obìnrin àgbàlagbà kan ní ìgboro Bristol pé ìbò tún ń bọ̀, ìyá náà figbe ta. Fídíò rẹ̀ tàn kálẹ̀ nítorí pé ohun tó wà nínú ẹlòmíì ló ti ẹnu rẹ̀ jáde. Ìbò náà kò sì ṣe May lóore: aṣòfin 317 ló kó bọ̀ nínú 650, ló bá di pé àwọn mẹ́wàá ti ẹgbẹ́ DUP láti Northern Ireland ló ń gbé e ró.

Ireland yìí gan-an ló sì wá di egungun ẹja lọ́nà ọ̀fun. Ibodè tó wà láàárín Northern Ireland àti Orílẹ̀-èdè Ireland gùn tó nǹkan bí 500 kìlómítà. Lẹ́yìn ọgbọ̀n ọdún ìpànìyàn, àdéhùn àlàáfíà 1998 jẹ́ kó di ibi tí èèyàn ń gbà kọjá láìmọ̀ pé òun ti kúrò ní ìlú kan bọ́ sí òmíràn. Ẹni tó bá ní ẹbí ní Kétu, tó sì ní ní Ìmẹ̀kọ, mọ ohun tí aṣọ́bodè lè sọ ìbátan dà. Bí Bìrìtéènì bá kúrò lọ́jà tí Ireland dúró síbẹ̀, níbo ni wọ́n á ti máa yẹ ẹrù wò? Àdéhùn May ní kí gbogbo Bìrìtéènì ṣì wà lábẹ́ ètò owó ibodè kan náà pẹ̀lú EU títí wọ́n á fi rí ọgbọ́n míì dá. Backstop ni wọ́n pe ìyẹn. Àwọn tó fẹ́ lọ ní ìdè ni, DUP ò gbà, àwọn tó fẹ́ dúró náà ò gbà.

Ní ọjọ́ 15 oṣù kìíní ọdún 2019, ilé aṣòfin fi ìbò 432 sí 202 da àdéhùn náà nù. Kò sí ìjọba tí wọ́n tíì fi ìbò ṣẹ́gun tó bẹ́ẹ̀ nínú ìtàn ilé náà lóde òní. May gbé e padà ní ọjọ́ 12 oṣù kẹta. Wọ́n fi ìbò 149 lé e sẹ́yìn. Abẹnugan ilé, John Bercow, bá lọ hú àṣà kan láti ọdún 1604 jáde, pé wọn kì í gbé ọ̀rọ̀ kan náà wá síwájú ilé lẹ́ẹ̀mejì ní sáà kan. Síbẹ̀ ó tún padà wá ní ọjọ́ 29, ọjọ́ tó yẹ kí wọ́n ti lọ. 58 ni wọ́n fi lé e sẹ́yìn lọ́tẹ̀ yìí. Láàárín ìyẹn, àwọn aṣòfin gba ètò lọ́wọ́ ìjọba, wọ́n ní àwọn fúnra àwọn á wá ọ̀nà. Wọ́n kó àbá mẹ́jọ kalẹ̀, wọ́n dìbò lé wọn lórí, kò sí èyí tó yege. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹrin, wọ́n dín in kù sí mẹ́rin, kò tún sí èyí tó yege. Ìbò mẹ́ta péré ló dá èyí tó sún mọ́ ọn jù dúró. Lọ́jọ́ yẹn kan náà ni àwọn tó ń jà fún àyíká bọ́ra sílẹ̀ níbi tí àwọn òǹwòran ń jókòó sí. Ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn ìyẹn, omi ya láti òkè àjà wọ inú ilé, wọ́n ní kí oníkálukú máa lọ. Bí alárìnjó bá fi èyí ṣeré, a ó ní ó ti ṣàsọdùn.

Níta ńkọ́? Àwọn tó fẹ́ dúró kún ìgboro Lọ́ńdọ̀nù bámú ní ọjọ́ 23 oṣù kẹta. Ẹ̀bẹ̀ tí wọ́n kọ pé kí ìjọba fagi lé gbogbo rẹ̀ gba ìfọwọ́sí tó lé ní mílíọ̀nù mẹ́fà. Àwọn tó fẹ́ lọ fẹsẹ̀ rìn láti Sunderland wá sí Lọ́ńdọ̀nù. Àwọn kan ń kó oúnjẹ inú agolo àti oògùn pamọ́ sílé. Ìjọba fún ilé iṣẹ́ kan ní iṣẹ́ mílíọ̀nù 13.8 pọ́n-ùn láti máa fi ọkọ̀ ojú omi kẹ́rù, bẹ́ẹ̀ ilé iṣẹ́ náà ò ní ọkọ̀ kankan. Wọ́n gba iṣẹ́ náà padà. Ìhà méjèèjì ń pariwo pé wọ́n ti da àwọn. Ẹgbẹ́ kẹta kan wá ń pọ̀ sí i, tí kò gbé pátákó kankan, tó ṣáà fẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà kúrò nínú ìròyìn alẹ́. Mo rò pé àwọn wọ̀nyí làwọn olóṣèlú ò tètè rí.

Ní oṣù karùn-ún, ìlú tó ní òun ń lọ tún ní láti dìbò yan àwọn tí yóò ṣojú rẹ̀ ní ilé aṣòfin Yúróòpù. Brexit Party tí Farage ń ṣáájú, ẹgbẹ́ tí kò tíì pé ọdún kan, gba ìjókòó 29. Conservative tó ń ṣèjọba ṣe ipò karùn-ún. Ọjọ́ kejì ìbò náà ni May, tí omi ti ń lé ròrò lójú rẹ̀, kéde pé òun ń kúrò.

Boris Johnson tó rọ́pò rẹ̀ ní òun á lọ ní ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá, kódà bí kò bá sí àdéhùn. Ó lé aṣòfin 21 kúrò lára ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ nílé nítorí wọ́n ta kò ó. Ó ti ilé aṣòfin pa fún ọ̀sẹ̀ márùn-ún. Àwọn adájọ́ mọ́kànlá ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ fẹnu kò pé títì náà kò bófin mu. Ó tún àdéhùn ṣe: ibodè á wọ inú òkun tó wà láàárín Northern Ireland àti ìyókù Bìrìtéènì. Ilé ò kọ̀ ọ́, wọn ò sì jẹ́ kó sáré kọjá. Owó 50 pẹ́ńsì wọ iná. Nígbà tí ìbò tún dé ní ọjọ́ 12 oṣù Kejìlá, ọ̀rọ̀ mẹ́ta ni Johnson fi polongo, pé ká ṣe Brexit parí. Kò ṣàlàyé ọ̀nà. Ó ṣèlérí ìsinmi fún àwọn tó ti rẹ̀, ó sì kó aṣòfin 365 wálé, títí kan àwọn ìlú awakùsà tó ti jẹ́ ti ẹgbẹ́ Labour láti ayé bàbá wọn.

Kì í ṣe ibi gbogbo ni ìkúrò ti ń pẹ́ báyìí. Ní tiwa níhìn-ín, Mali, Burkina Faso àti Niger kéde ní ọjọ́ 28 oṣù kìíní ọdún 2024 pé àwọn ń kúrò nínú ECOWAS, àjọ àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Bí ọdún kan ṣe pé, wọ́n lọ. Ológun ló ń ṣèjọba níbẹ̀, kò sì sẹ́ni tó bi ará ìlú léèrè. Ìyẹn yá, òótọ́ ni.

Aago mọ́kànlá alẹ́ ọjọ́ 31 oṣù kìíní ọdún 2020 ni Bìrìtéènì jáde. Àwọn kan fẹ́ kí Big Ben, agogo ńlá ilé aṣòfin, lù láti fi sàmì sí i, ṣùgbọ́n wọ́n ń tún ilé ìṣọ́ rẹ̀ ṣe, wọ́n sì ní yóò ná àwọn tó 500,000 pọ́n-ùn láti lù ú. Wọ́n fi ọ̀pọ̀ ọjọ́ jiyàn lórí ìyẹn náà. Ìgbà tí aago lù, ohùn agogo tí wọ́n ti gbà sílẹ̀ ni àwọn èrò tó pé jọ sí Parliament Square gbọ́.