Sẹ̀gilọlá: Aṣẹ́wó tí Ìwé Ìròyìn Bí

Lọ́dún 1929, lẹ́tà obìnrin kan bẹ̀rẹ̀ sí í jáde nínú ìwé ìròyìn Akéde Èkó. Sẹ̀gilọlá Ẹlẹ́yinjú Ẹgẹ́, ẹlẹ́gbẹ̀rún ọkọ láyé, ni ó pe ara rẹ̀. Àìsàn ti dá a dùbúlẹ̀, ó sì ń ròyìn bí òun ṣe fi ẹwà lo ayé. Ọ̀pọ̀ òǹkàwé gbà pé ènìyàn gidi ni. Àṣé Isaac B. Thomas, olóòtú ìwé ìròyìn náà gan-an, ni ó ń kọ ọ́! Ó di ìwé ní 1930, ṣáájú Ògbójú Ọdẹ ti Fágúnwà (1938). Àwọn aṣẹ́wó Èkó ìgbà náà kò ní ìwé ìròyìn tiwọn. Ọkùnrin ni ó bá wọn ronú pìwà dà.