Àjẹsára Jẹjẹrẹ Ẹnu Ilé Ọmọ: Kí Ó Má Ṣe Ku Ọmọ Tálákà Sílẹ̀

Kòkòrò àìfojúrí tí à ń pè ní HPV ló sábà máa ń fa jẹjẹrẹ ẹnu ilé ọmọ. Ìbálòpọ̀ ni ó ń bá ràn, ó sì lè fara pamọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún kí àrùn tó fojú hàn. Harald zur Hausen, ará Jámánì tó ṣàwárí èyí, gba ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 2008.

Ta ni àrùn yìí ń pa jù?

Ní ọdún 2022, ó pa nǹkan bí 350,000 obìnrin lágbàáyé. Nínú 100 wọn, 94 ló wà ní orílẹ̀-èdè tí kò lówó púpọ̀. Ní Amẹ́ríkà pàápàá, tó fọwọ́ sí abẹ́rẹ́ náà ní ọdún 2006, ó ń pa obìnrin aláwọ̀ dúdú ju aláwọ̀ funfun lọ. Àìtètè rí àyẹ̀wò àti ìtọ́jú wà lára ohun tó fà á.

Ètò ilẹ̀ wa

Tẹ́lẹ̀ rí, ẹni tó lówó ló ń rà á ní ilé ìwòsàn aládàáni. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2023, ìjọba àpapọ̀ sọ ọ́ di ọ̀fẹ́ fún ọmọbìnrin ọdún 9 sí 14, abẹ́rẹ́ ẹyọ kan péré. Ìpínlẹ̀ Oǹdó wà ní ìpele kejì, tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù karùn-ún ọdún 2024.

Ibi tí ìṣòro kù sí

Ọ̀fẹ́ ni abẹ́rẹ́, ṣùgbọ́n owó ọ̀kadà kì í ṣe ọ̀fẹ́. Ọmọ tó ń lọ sí ilé ẹ̀kọ́ ní Ọ̀rẹ̀ máa ń tètè gbọ́. Ọmọ tó wà ní abúlé oko kòkó ní Odígbó, tí kò sí ní ilé ẹ̀kọ́, lè má gbọ́ rárá. Bí ó bá sì ti kọjá ọdún 14, ètò ọ̀fẹ́ ti ré e kọjá nìyẹn. Owó ló tún kù.

Ẹ̀yin òbí, abẹ́rẹ́ yìí kì í sọ ọmọ di àgàn. Ẹ mú àwọn ọmọbìnrin yín lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba tó sún mọ́ yín kí ọjọ́ orí wọn tó kọjá. Ẹ̀yin ìyá, ẹ má gbàgbé àyẹ̀wò tiyín, nítorí àjẹsára ọmọ kò dáàbò bo ìyá.

A sì ń rọ ẹ̀yin àlùfáà: nígbà tí ẹ bá lọ sí àwọn ìjọ oko, ẹ kéde rẹ̀ ní èdè tí àwọn ará ibẹ̀ gbọ́.