Ìgbóná ní Ilẹ̀ Yorùbá: Ohun tí Òfin Kò Lè Ṣe

Láyé àtijọ́, àwọn Yorùbá kì í fẹ́ dárúkọ Ṣànpọ̀nná, pàápàá nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Olóde tàbí Ilẹ̀ẹ́gbóná ni wọ́n ń pè é. Àwọn àwòrò rẹ̀ ló ń sin ẹni tí àrùn náà bá pa, tí wọ́n sì ń kó ẹrù òkú. Dókítà Oguntola Sapara wọ inú ẹgbẹ́ awo wọn lọ ṣe ìwádìí, ìjọba amúnisìn sì fi òfin de ìsìn náà ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún.

Síbẹ̀, àrùn kò gbọ́ òfin. Èémí aláìsàn, egbò rẹ̀ àti aṣọ rẹ̀ ni ìgbóná ń gbà ran ẹlòmíràn. Ní ìparí 1966, ní Ògójà, ní ìlà-oòrùn Nàìjíríà, oògùn àjẹsára kò tó fún gbogbo ènìyàn. Dókítà William Foege àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ wá àwọn aláìsàn kàn, wọ́n sì bupá fún àwọn tó yí wọn ká. Báyìí ni wọ́n ṣe dínà mọ́ àrùn. Ọdún 1970 ni Nàìjíríà rí aláìsàn ìgbóná ìkẹyìn. Ní 1980, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé ó ti kásẹ̀ nílẹ̀ pátápátá.

Ohun tí ìtàn yìí fi yé olùkọ́ ni pé àrùn tí a bá ń fi pa mọ́ kò ṣeé dínà mọ́.