Níbo Ni Tìbéríù Késárì Wà Nígbà Tí Wọ́n Ń Dá Ẹjọ́ Jésù?

Ẹ ṣí Bíbélì yín sí Lúùkù orí 3, ẹsẹ 1. Lúùkù ní ọdún 15 ìjọba Tìbéríù Késárì ni iṣẹ́ Jòhánù Onítẹ̀bọmi bẹ̀rẹ̀. Ọ̀pọ̀ wa máa ń ka ẹsẹ yẹn kọjá bí ẹni tó ń gba inú ọjà kọjá láìní nǹkan í rà. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká béèrè ná: níbo ni Késárì yìí fúnra rẹ̀ wà nígbà yẹn? Kò sí ní Róòmù o. Orí òkè kan ní erékùṣù Capri, lójú òkun Itálì, ló wà, àwa náà sì ti fi ẹsẹ̀ wa tẹ ibẹ̀.

Villa Jovis lorúkọ ilé náà. Láti Nápólì, ọkọ̀ ojú omi lèèyàn á wọ̀. Tó bá kúrò láàárín ìlú Capri, ẹsẹ̀ ló kù. Òkè ni ṣáá, ó ga tó nǹkan bí 330 mítà sí òkun. Àwọn ìyá ìjọ tó bá wa lọ ń béèrè bóyá Késárì ò mọ pẹ̀tẹ́lẹ̀ ni!

Ògiri fífọ́ ló kù níbẹ̀ báyìí. Ohun tó dá wa dúró jù ni àwọn tánkì ńláńlá tí wọ́n kọ́ sí àárín ilé. Kò sí orísun omi lórí òkè yẹn, òjò nìkan ni wọ́n gbójú lé. Bí ìyá wa ṣe ń gbé garawa sábẹ́ ọ̀ṣọ̀rọ̀ náà ni ọba tó ni ayé nígbà yẹn ṣe ń gbe omi, tòun ti ilé ìwẹ̀ rẹ̀.

Késárì Ògọ́sítù, èyí tó wà nínú Lúùkù orí 2, ló kọ́kọ́ gba erékùṣù náà lọ́wọ́ àwọn ará Nápólì. Ó fi erékùṣù Ischia ṣe pàṣípààrọ̀. Ibi ìgbafẹ́ ìgbà ooru ni fún un. Tìbéríù ló sọ ọ́ di ibi ìsápamọ́. Ó dé ibẹ̀ ní ọdún 27 lẹ́yìn ìbí Kristi, kò sì wọ Róòmù mọ́ títí ó fi kú. Lẹ́tà ló fi ń ṣèjọba. Ní ọdún 31, lẹ́tà kan tí wọ́n kà níwájú àwọn ìgbìmọ̀ Róòmù ló gbẹ̀mí Sejanus, olórí àwọn ẹ̀ṣọ́ rẹ̀, lọ́jọ́ kan náà.

Ẹ wá wo Jòhánù orí 19. Àwọn èèyàn ń kígbe mọ́ Pílátù pé tó bá dá Jésù sílẹ̀, kì í ṣe ọ̀rẹ́ Késárì. Ẹ̀rù sì bà á. Késárì tí wọ́n fi ń dẹ́rù bà á yìí, orí àpáta ló wà, ẹ̀rù ń ba òun náà!

Suetonius ní apẹja kan pọ́n àpáta ẹ̀yìn erékùṣù náà láti fún Késárì ní ẹja ńlá kan. Jìnnìjìnnì bo Késárì pé ẹnì kan lè gba ibẹ̀ wọlé, ó ní kí wọ́n fi ẹja náà ha ọkùnrin náà lójú. Apẹja ní ọpẹ́ ni pé òun ò mú edé ńlá ẹlẹ́gùn-ún tóun pa wá. Wọ́n bá lọ gbé edé náà wá, wọ́n fi ya á lójú.

Ó lé ní 70 ọdún lẹ́yìn ikú Tìbéríù kí Suetonius tó kọ̀wé, ó sì fẹ́ràn òfófó. Àwọn afinimọ̀nà á fi gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan hàn yín pé ibẹ̀ ni Késárì ti ń ju èèyàn sókun. Àwa ò ní gbé gbogbo ẹ̀ karí pẹpẹ. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá dúró níbẹ̀, tó rí bí àpáta ṣe já lulẹ̀ ṣánṣán sínú òkun, á mọ̀ pé ẹni tó kọ́lé síbẹ̀ ò fẹ́ àlejò.

Kò tilẹ̀ kú síbẹ̀. Ní oṣù kẹta ọdún 37, ó ń wá ọ̀nà padà sí Capri ni àìsàn dá a dúró ní Misenum, ní òdìkejì omi, ibẹ̀ ló sì kú sí.

Ẹni tó bá fẹ́ lọ, kó wọ bàtà tó le, kó sì gbé omi dání. Tánkì Késárì ti gbẹ.