Ìwé Amos Tutuola lórí ìlú àwọn òkú: kí ló dé tí ẹnu àwọn òǹkàwé kò fi kò?

Àwọn ọmọ tó ń lọ sí CEG mọ ọ̀rọ̀ «vampire» dáadáa: òkú tó ń jí lóru, tó ń mu ẹ̀jẹ̀ alààyè. Ìwé tó gbé e lókìkí jù ni Dracula, tí Bram Stoker, ọmọ ilẹ̀ Ireland, kọ, tó jáde ní Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún 1897. Lọ́dọ̀ tiwa, ẹni tí wọ́n bá ní ó ń mu ẹ̀jẹ̀ lóru, àjẹ́ ni wọ́n ń pè é. Òkú ní tiẹ̀ ní ìlú tó ń lọ. Ọmọ Yorùbá kan wà tó kọ ìwé ìtàn nípa ìlú àwọn òkú yìí gan-an, àwọn tó kà á sì pín sí méjì, títí ọ̀rọ̀ náà fi fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìjà. Òun la máa sọ lónìí.

Ní Faransé, orúkọ ìwé náà ni L'Ivrogne dans la brousse. Ní Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n kọ́kọ́ fi kọ ọ́, The Palm-Wine Drinkard ni. Amos Tutuola, ọmọ Abẹ́òkúta tí wọ́n bí lọ́dún 1920, ló kọ ọ́. Kò kàwé púpọ̀. Ọdún díẹ̀ ló lò nílé ìwé kí owó tó tán, ó wá kọ́ṣẹ́ alágbẹ̀dẹ. Nígbà ogun àgbáyé kejì, ó rọ bàbà fún àwọn ọmọ ogun òfúrufú Gẹ̀ẹ́sì. Lẹ́yìn ogun, ó di ìránṣẹ́ ní ọ́fíìsì ìjọba kan ní Èkó, àwọn tó ń gbé ìwé láti yàrá dé yàrá. Iṣẹ́ kì í pọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, ló bá ń kọ ìtàn. Faber and Faber tẹ̀ ẹ́ jáde ní Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún 1952. Nígbà tó di 1953, Gallimard gbé e jáde ní Paris, Raymond Queneau ló túmọ̀ rẹ̀.

Ìtàn náà rèé. Ọkùnrin kan wà tí kò níṣẹ́ méjì ju ẹmu mímu lọ, láti ìgbà tó ti wà lọ́mọ ọdún mẹ́wàá. Bàbá rẹ̀ lówó. Ó fún un ní oko ọ̀pẹ tó ní igi 560,000, ó sì wá adẹ́mu kan fún un. Agbè ẹmu 150 ni adẹ́mu yìí ń gbé wá láràárọ̀, kó sì tó di agogo méjì ọ̀sán, ọkùnrin yìí á ti mu ún tán. Adẹ́mu á tún lọ gbé 75 wá nírọ̀lẹ́. (Ẹ̀yin tí ẹ ń fi ẹmu se sódàbí, ẹ bá mi ṣírò rẹ̀.) Ọjọ́ kan ni adẹ́mu jábọ́ lórí ọ̀pẹ, ó kú. Ẹmu tán, àwọn ọ̀rẹ́ tó ń bá a mu ún kò yọjú mọ́. Ọkùnrin náà ní òun ò gbà, òun ń lọ wá adẹ́mu òun dé ìlú àwọn òkú.

Ohun tó rí lọ́nà ló gba èyí tó pọ̀ jù nínú ìwé. Ó fi àwọ̀n mú Ikú fúnra rẹ̀. Ó gba ọmọbìnrin kan sílẹ̀, ẹni tó kọ gbogbo ọkọ tí wọ́n fún un, tó wá tẹ̀lé arẹwà ọkùnrin kan láti ọjà. Bí wọ́n ṣe wọ igbó, arẹwà bẹ̀rẹ̀ sí í dá ẹ̀yà ara tó yá padà fún àwọn tó ni ín, ẹsẹ̀ lọ, apá lọ, awọ ara lọ, ó ku agbárí nìkan. Ìyá àgbà wo ló wà ní Okpara tí kò mọ àlọ́ yìí? Ọmọbìnrin náà di ìyàwó rẹ̀. Nígbà tí àwọn méjèèjì fẹ́ wọ inú igi funfun ńlá kan, wọ́n ta ikú wọn lẹ́nu ọ̀nà ní pọ́n-ùn 70, ṣílè 18 àti kọ́bọ̀ 6. Ẹ̀rù wọn ńkọ́? Wọn ò tà á, wọ́n fi yáni ni, pọ́n-ùn 3 àti ṣílè 10 lóṣù. Nígbà tí wọ́n ń jáde, wọ́n gba ẹ̀rù wọn padà, ṣùgbọ́n ikú ti di ti ẹlòmíì. Láti ọjọ́ yẹn, wọn ò lè kú mọ́, ẹ̀rù sì ń bà wọ́n síbẹ̀. Lójú tèmi, ibẹ̀ ló dùn jù nínú ìwé náà.

Nínú oṣù keje ọdún 1952, Dylan Thomas, akéwì ilẹ̀ Wales, yìn ín gan-an nínú ìwé ìròyìn The Observer. Látìgbà náà ni àwọn Òyìnbó ti ń wá a kà.

Àwọn ọmọ Nàìjíríà tó kàwé ni inú bí, pàápàá àwọn tó ń kẹ́kọ̀ọ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n kọ lẹ́tà sí ìwé ìròyìn West Africa, àwọn kan ń bú u, àwọn kan ń gbèjà rẹ̀. Ohun tó dun àwọn tó ń bú u jù ni èdè rẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì tí Tutuola kọ, ẹni tó ń fi ẹnu Yorùbá sọ̀rọ̀ ló dà bí, gírámà rẹ̀ ò sì tọ́. Ẹ rántí ìgbà tá à ń sọ: ọdún 1948 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dá kọ́lẹ́ẹ̀jì tó di yunifásítì sílẹ̀ ní Ìbàdàn, òmìnira ni gbogbo èèyàn ń béèrè. Àwọn ọ̀mọ̀wé wá ń sọ pé, ṣé irú èyí ni Òyìnbó máa rí, tí wọ́n á fi gbà pé a lè ṣe ìjọba ara wa? Wọ́n tún fura pé ẹ̀rín ni ìyìn náà, pé wọ́n ń yin Tutuola nítorí ó jẹ́ kí wọ́n rí ọmọ igbó tí wọ́n fẹ́ rí.

Àwọn kan ní ó jí i lọ́wọ́ Fágúnwà. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀: Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ ti jáde láti 1938, òun náà jẹ́ ìtàn ẹni tó wọ igbó, tó ń pàdé iwin lóríṣiríṣi. Ṣùgbọ́n inú àlọ́ ni àwọn méjèèjì ti mu omi, àlọ́ ò sì ní olúwa kan.

Ẹ jẹ́ ká wò ó dáadáa, nítorí ibẹ̀ ni kókó ọ̀rọ̀ wà. Iwin kún ìwé Fágúnwà bámúbámú, síbẹ̀ àwọn ọmọ ilé ìwé kà á, àwọn olùkọ́ fi kọ́ wọn, kò sẹ́ni tó ní ó dójú ti Yorùbá. Kò lè jẹ́ tìtorí òkú àti iwin ni wọ́n ṣe bínú sí Tutuola nígbà náà. Yorùbá ni Fágúnwà fi kọ tirẹ̀, láàárín ilé ni ọ̀rọ̀ náà wà. Tutuola fi èdè àlejò sọ ọ́, àlejò sì ń gbọ́.

Fún àwa tá à ń ka Faransé, ọ̀rọ̀ náà tún yàtọ̀ díẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n torí rẹ̀ jà kò sí lójú wa, Faransé Queneau la rí. Queneau yìí fẹ́ràn láti máa kọ Faransé bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ nígboro. Ẹni tó bá ka Zazie dans le métro, ìwé tó kọ lọ́dún 1959, á rí i. Bí Queneau bá lọ́ èdè, wọ́n á ní ọgbọ́n ni. Ìránṣẹ́ ọ́fíìsì láti Èkó lọ́ ọ, wọ́n ní kò kàwé. Mi ò rò pé ìdájọ́ yẹn tọ́.

Lọ́dún 1963, Kọ́lá Ògúnmọ́lá sọ ìwé náà di eré orí ìtàgé ní Yunifásítì Ìbàdàn, ó pè é ní Lánkẹ́ Ọ̀mùtí. Yorùbá ni wọ́n fi ṣe é, pẹ̀lú orin àti ìlù, àwọn èèyàn sì gbádùn rẹ̀ púpọ̀. Ìtàn kan náà ni o.

Àwọn ọ̀mọ̀wé náà yí ohùn padà nígbà tó yá. Lọ́dún 1977, Chinua Achebe sọ̀rọ̀ lórí ìwé náà ní Ìbàdàn. Ó ṣàlàyé pé ọ̀rọ̀ iṣẹ́ àti eré ló wà nídìí rẹ̀: ọkùnrin tó sọ ìgbádùn di iṣẹ́ ni wọ́n mú gba gbogbo ọ̀nà ìyà yẹn. Tutuola fúnra rẹ̀ ti lọ kọ́ Gẹ̀ẹ́sì sí i nílé ìwé alẹ́ ní tirẹ̀, ó ṣiṣẹ́ ní ilé rédíò ní Ìbàdàn, ó sì kọ ọ̀pọ̀ ìwé míì kó tó kú lọ́dún 1997.

Ẹni tó bá fẹ́ kà á fún àwọn ọmọ nílé, kó bẹ̀rẹ̀ látibi arẹwà ọkùnrin tó yá ẹ̀yà ara. Kó kà á ní Faransé, kó wá ní kí màmá àgbà sọ tirẹ̀.