Iyèméjì Wa sí Westerhof: Ìtàn Àwọn Olólùfẹ́ Bọ́ọ̀lù Nàìjíríà, 1989 sí 1994

Bí a bá ń wá ibi tí a ti lè rí bí àwọn ènìyàn ṣe ń dájọ́ ẹni tí wọn kò mọ̀, kò yẹ kí a fo pápá bọ́ọ̀lù dá. Níbẹ̀, ọmọdé ń sọ èrò rẹ̀, àgbà ń sọ, ẹni tí kò gbá bọ́ọ̀lù rí láyé rẹ̀ náà ń sọ. Ìtàn tí mo fẹ́ gbé yẹ̀ wò níhìn-ín ni ti Clemens Westerhof, ọmọ ilẹ̀ Nẹ́dálándì tí ó di akọ́nimọ̀ọ́gbá ikọ̀ Super Eagles ní ọdún 1989, tí ó sì kúrò lẹ́yìn Ife Àgbáyé ọdún 1994. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa mọ ìparí ìtàn náà dáadáa. Wọ́n ti rí àwòrán Rashidi Yekini níbi tí ó ti di àwọ̀n mú ní ìlú Dallas, tí ó ń ké bí ẹni tí ọmọ rẹ̀ ti àjò dé. Ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wọn kò mọ̀ ni pé púpọ̀ nínú àwọn tí ó ń yin ọkùnrin yìí lónìí ni inú wọn kò dùn sí i nígbà tí ó kọ́kọ́ dé.

Iyèméjì náà kì í ṣe ìwà òmùgọ̀. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bí ó bá rí ekòló, ẹ̀rù yóò bà á. Ní ọdún 1980, Nàìjíríà gba Ife Ilẹ̀ Áfíríkà ní Èkó lábẹ́ Otto Glória, ọmọ ilẹ̀ Bràsíl, nígbà tí wọ́n fi àmì ayò 3 sí 0 na Àlgéríà. Ṣẹ́gun Ọdẹ́gbàmí gbá méjì wọlé, Mudaṣiru Lawal gbá ẹyọ kan. Láti ìgbà náà ni ilẹ̀kùn ti tì. Ní 1984, Adégbóyè Onígbìndé, ọmọ Mọ́dákẹ́kẹ́, kó àwọn ọmọ wa dé ìpele àṣekágbá ní Abidjan, Kamẹrúùnù sì fi 3 sí 1 borí wọn. Ní 1988, Manfred Höner, ọmọ ilẹ̀ Jámánì, tún kó wọn dé àṣekágbá ní Mòrókò; Kamẹrúùnù kan náà ni ó tún fi 1 sí 0 gba ife mọ́ wa lọ́wọ́, lẹ́yìn tí rẹfirí ti fagi lé góòlù tí Henry Nwosu kọ́kọ́ gbá wọlé. Ọ̀rọ̀ góòlù yẹn kò tán ní ilẹ̀ bọ̀rọ̀. Mo mọ àwọn àgbàlagbà tí ó ṣì ń jiyàn lé e lórí.

Lẹ́yìn náà ni ọdún 1989 dé, ọdún ìbànújẹ́. Ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹjọ, nígbà tí Nàìjíríà ń bá Àǹgólà wọ̀dìmú ní pápá ìṣeré ńlá ti Sùúrùlérè, Samuel Okwaraji ṣubú lulẹ̀ lórí pápá, kò sì dìde mọ́. Ọmọ ọdún 25 ni, ó sì ti kọ́ ìmọ̀ òfin kún bọ́ọ̀lù gbígbá. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn èyí, Kamẹrúùnù fi ẹyọ góòlù kan na wa ní Yaoundé, ọ̀nà Ife Àgbáyé ọdún 1990 sì dí pátápátá. Nígbà tí Kamẹrúùnù yìí dé ilẹ̀ Ítálì ní ọdún kejì, tí wọ́n na Ajẹntínà, tí wọ́n sì rìn dé ìpele ẹlẹ́ni mẹ́jọ, ìdùnnú ilẹ̀ Áfíríkà ni; fún wa, ìdùnnú náà ní ẹ̀gún nínú.

Inú irú ilé ọ̀fọ̀ báyìí ni wọ́n mú Westerhof wọ̀. Kò gba Ife Àgbáyé rí, kò sì sí ẹni tí ó ń ké orúkọ rẹ̀ ní òpópónà wa kí ó tó dé. Ìbéèrè tí àwọn olólùfẹ́ bọ́ọ̀lù ń bèèrè kò ṣòro láti lóye: kí ni òyìnbó yìí mọ̀ tí àwọn tiwa kò mọ̀? Onígbìndé, olùkọ́ tí ó kọ́ iṣẹ́ bọ́ọ̀lù bí ẹni kọ́ ìwé, ti dé àṣekágbá. Bí ó bá jẹ́ pé dídé àṣekágbá kí a sì pàdánù ni òpin ohun tí òyìnbó lè ṣe fún wa, èéṣe tí a kò fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ fún ọmọ ilé? Àwọn kan fi ìkórìíra àlejò sọ ọ́, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ìbéèrè náà fúnra rẹ̀ kì í ṣe ìkórìíra. Ó ní ìdí, a ó sì padà sí i.

Èmi tí mo jẹ́ olùkọ́ èdè, èdè tí a ń lò ni mo máa ń kíyè sí jù. Ní ìbẹ̀rẹ̀, “òyìnbó yìí” ni a ń pè é. Ọ̀rọ̀ atọ́ka náà, “yìí”, ṣe iṣẹ́ púpọ̀ níbẹ̀: bí ìgbà tí ènìyàn bá na ìka sí nǹkan tí wọ́n gbé sí iwájú ilé rẹ̀ láìsọ fún un. Nígbà tí ó yá, orúkọ rẹ̀ wọ ẹnu. Àwọn ọmọ ilé ìwé ń pè é ní “Wẹsitahọ́ọ̀fù”, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ sì lè rí iṣẹ́ gírámà tí ó wà nínú èyí: èdè Yorùbá kì í gba ìṣùpọ̀ kọ́ńsónáǹtì, bẹ́ẹ̀ ni kì í jẹ́ kí irú kọ́ńsónáǹtì bẹ́ẹ̀ parí ọ̀rọ̀, nítorí náà a ní láti fi fáwẹ̀lì há a kí ó tó lè jókòó lẹ́nu wa. Àwọn oníwèé ìròyìn ní tiwọn sọ ọ́ ní “Dutchgerian”, wọ́n pa orúkọ ìlú rẹ̀ àti orúkọ ìlú wa pọ̀. Láàárín “òyìnbó yìí” àti orúkọ àpapọ̀ yẹn ni ìtàn wa wà.

Ọjọ́ 2 oṣù Kẹta ọdún 1990 ni ó yẹ kí a dúró lé jù. Ọjọ́ náà ni ìdíje Ife Ilẹ̀ Áfíríkà bẹ̀rẹ̀ ní ìlú Algiers, ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ àkọ́kọ́ sì ni Nàìjíríà àti Àlgéríà tí ó ni ilé. Góòlù 5 ni wọ́n gbá sínú àwọ̀n wa. Ẹyọ kan ni a rí san, Emmanuel Okocha ni ó gbá a wọlé. Ẹni tí ó bá gbé ayé nígbà náà kò ní gbàgbé bí àdúgbò ṣe dákẹ́. Gbogbo ohun tí àwọn oníyèméjì ti ń sọ láti oṣù mélòó kan sẹ́yìn ni ó dà bí ẹni pé ẹ̀rí ti dé fún un. Bí a bá ní kí àwọn olólùfẹ́ bọ́ọ̀lù dìbò ní alẹ́ ọjọ́ yẹn, mo rò pé Westerhof ì bá ti sùn nínú ọkọ̀ òfurufú.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà kò ní ariwo púpọ̀. Nàìjíríà na Íjíbítì 1 sí 0. Yekini ni ó gbá a wọlé. Wọ́n na Ivory Coast 1 sí 0. Yekini náà tún ni. Ní ìpele tí ó ṣáájú àṣekágbá, wọ́n fi 2 sí 0 borí Sáḿbíà. Nígbà tí ó di ọjọ́ 16 oṣù Kẹta, Nàìjíríà àti Àlgéríà tún pàdé ní ìlú Algiers kan náà, lójú èrò kan náà. Ọjọ́ 14 péré ni ó wà láàárín ìpàdé méjèèjì. Lọ́tẹ̀ yìí, góòlù kan ṣoṣo ni Àlgéríà rí gbá, òun ni ó sì fún wọn ní ife.

A pàdánù, ìyẹn ni pé ìgbà kẹta tẹ̀léra nìyí tí a ó dé àṣekágbá tí a kò ní gba ife láàárín ọdún mẹ́fà. Síbẹ̀, lérò tèmi, ọjọ́ yìí gan-an ni èrò àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà, kì í ṣe ọjọ́ tí a gba ife ní Tùnísíà gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti máa ń sọ. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni kò sí òṣùwọ̀n tí a lè fi mọ̀ bóyá ẹni tí ó ń kọ́ni ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Àwa olùkọ́ mọ èyí, nítorí ìdánwò ọdọọdún kì í fi ọgbọọgba wọn gbogbo ọmọ. Ṣùgbọ́n níhìn-ín, ìdánwò kan náà ni wọ́n ṣe lẹ́ẹ̀mejì. Ikọ̀ tí ó gba góòlù 5 sílé gba ẹyọ kan. Ẹni tí ó ní ojú tí ó fi ń wò rí i pé ẹnì kan ti ṣe nǹkan láàárín ọjọ́ 14 yẹn. Àwọn tí kò tíì gbà bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé “kí á ṣì máa wò ó ná.”

Àǹfààní tí ó wá ní lẹ́yìn èyí ni àkókò. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwọn ọ̀dọ́ jọ láti inú ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ilé. Daniel Amokachi wá láti Ranchers Bees ní Kàdúná, ọmọdé ni nígbà tí ó lọ sí Algiers. Finidi George wá láti Sharks ní Port Harcourt, Emmanuel Amunike sì ti gbá bọ́ọ̀lù fún Julius Berger. Ní 1991 wọ́n fi 7 sí 1 na Bùrùkínà Fasò ní Èkó. Ní 1992 wọ́n ṣe ipò kẹta ní Sẹ̀nẹ̀gà, lẹ́yìn tí Gánà ti fi 2 sí 1 dá wọn dúró. Kò sí ẹni tí ó ń jó, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó ń sunkún mọ́.

Ẹ má ṣe rò pé nígbà tí iyèméjì lọ, ó lọ pátápátá. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1993, Ivory Coast fi 2 sí 1 na wa ní Abidjan nínú ìdíje láti dé Ife Àgbáyé. Ọjọ́ náà ni Austin Okocha kọ́kọ́ wọ aṣọ Super Eagles. Ariwo tún sọ: ṣé bí Yaoundé ṣe máa tún ṣe wá rí nìyí? Nínú oṣù Keje, Àlgéríà wá sí Èkó, a fi 4 sí 1 na wọ́n. Ní oṣù Kẹsàn-án, Ivory Coast náà wá, 4 sí 1 kan náà ni. Ní oṣù Kẹwàá, a gbá ọ̀mì 1 sí 1 ní Algiers, Finidi ni ó gbá tiwa wọlé. Àmì kan náà ni àwa àti Ivory Coast ní. Ìyàtọ̀ góòlù ni ó gbé wa lọ sí Amẹ́ríkà, fún ìgbà àkọ́kọ́ nínú ìtàn orílẹ̀-èdè yìí. Bí góòlù mélòó kan kò bá wọlé ní Sùúrùlérè, orúkọ mìíràn ni à bá máa pe Westerhof lónìí. Ó yẹ kí òpìtàn máa rántí irú èyí.

Ti Tùnísíà kò gba àlàyé púpọ̀. Ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹrin ọdún 1994, Sáḿbíà, tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ tún ikọ̀ rẹ̀ tò lẹ́yìn jàǹbá ọkọ̀ òfurufú tí ó pa àwọn ọmọ wọn ní Gabon ní 1993, kọ́kọ́ gbá góòlù wọlé. Amunike, tí kò fi bẹ́ẹ̀ gbá bọ́ọ̀lù ṣáájú ọjọ́ náà nínú ìdíje yẹn, san án padà láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, ó sì tún fi èkejì kún un. Ife dé. Nínú oṣù kan náà, àjọ FIFA to Nàìjíríà sí ipò karùn-ún ní gbogbo àgbáyé.

Ní Amẹ́ríkà, a na Bùlùgéríà 3 sí 0, Ajẹntínà na wa 2 sí 1, a na Gríìsì 2 sí 0. Ní ọjọ́ 5 oṣù Keje, Ítálì ni ó kàn. Amunike gbá góòlù wọlé ní ìṣẹ́jú 25, rẹfirí lé Gianfranco Zola jáde, ó sì ku ìṣẹ́jú méjì péré kí àkókò pé nígbà tí Roberto Baggio san án padà. Ó tún fi pẹ́nárítì borí wa nínú àfikún àkókò. Ní alẹ́ ọjọ́ yẹn, ẹ̀bi padà sí orí akọ́nimọ̀ọ́gbá. Àwọn tí wọ́n ń pe orúkọ rẹ̀ ní oṣù Kẹrin tún bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé òyìnbó ni ó jẹ́ kí àwọn ọmọ sùn lórí góòlù kan. Ọdún díẹ̀ kọjá kí ìbínú náà tó rọ̀. Nígbà tí Jo Bonfrère, tí ó jẹ́ igbákejì rẹ̀, lo púpọ̀ nínú àwọn ọmọ wọ̀nyí láti gba wúrà Òlíńpíìkì ní Atlanta ní 1996, àwọn ènìyàn wo ẹ̀yìn wò, wọ́n sì rí ẹni tí ó gbin ohun tí wọ́n ń kórè.

Wàyí o, ìbéèrè tí a fi sílẹ̀ lókè ṣì wà níbẹ̀. Ìtàn Westerhof kò fi hàn pé òyìnbó mọ̀ ju ọmọ ilé lọ. Ohun tí ó fi hàn ni pé ọdún márùn-ún yàtọ̀ sí ọdún méjì. Ìjọba ológun ìgbà náà dúró tì í, pàápàá Augustus Aikhomu tí ó jẹ́ igbákejì Ààrẹ, débi pé àríyànjiyàn rẹ̀ pẹ̀lú àwọn aláṣẹ bọ́ọ̀lù kò lè gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Onígbìndé kò rí irú alátìlẹ́yìn bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn àṣekágbá tirẹ̀. Àwọn olólùfẹ́ bọ́ọ̀lù tí ó yí èrò wọn padà nípa Westerhof ṣe ohun tí ó tọ́, ṣùgbọ́n díẹ̀ nínú wọn ni ó padà lọ bi ara wọn léèrè ohun tí ì bá ṣẹlẹ̀ bí wọ́n bá fún ọmọ Mọ́dákẹ́kẹ́ ní ọdún márùn-ún.

Ẹni tí ìbéèrè yìí wá bá lẹ́yìn náà ni Stephen Keshi, balógun ikọ̀ Westerhof. Nígbà tí òun fúnra rẹ̀ di akọ́nimọ̀ọ́gbá, tí ó fi àwọn àgbà ọ̀jẹ̀ kan sílẹ̀, tí ó sì kó àwọn ọmọ tí ó ń gbá bọ́ọ̀lù nílé lọ sí Gúúsù Áfíríkà ní 2013, àwọn ènìyàn ní kò ní pẹ́ tí yóò fi padà wálé. Sunday Mba, ọmọ ẹgbẹ́ Warri Wolves, ni ó gbá góòlù kan ṣoṣo tí ó fún wa ní ife náà. Lọ́jọ́ kejì, Keshi kéde pé òun ti fi iṣẹ́ sílẹ̀, nítorí ó gbọ́ pé wọ́n ti ń ṣètò láti lé òun dànù kí ìdíje náà tó parí. Wọ́n ní láti bẹ̀ ẹ́ kí ó tó padà.